Ẹ Wo Ẹnu Ehoro Yín Kí Ẹ Tó Dá Ará Ayé Lẹ́bi



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn ará wa tí ń sin ehoro àti ọ̀yà sọ̀rọ̀, pàápàá àwa tí a wà ní Ọ̀rà níhìn-ín, àti àwọn ará Òkè-Ìlà àti Ìlá Ọ̀ràngún tí a jọ múlé gbe ara wa. Ọ̀rọ̀ náà lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ eyín ẹran ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ehoro mẹ́ta bá ti kú mọ́ lọ́wọ́ láàárín oṣù kan kò ní bá yín rẹ́rìn-ín.

Ohun rere ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sin ẹran kéékèèké nílé. Ọmọdé ń sin ehoro funfun méjì, ó ń fi wọ́n ṣeré, ó ti fún wọn lórúkọ. Ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ń sin ọ̀yà fún títà. Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní àgò kan lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé èyí kò dára. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí a ń ṣe nígbà tí ẹran náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. A ó ní ará ayé ni. A ó ní ojú olójú ló wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn yóò fura sí aládùúgbò rẹ̀ pé ó fi májèlé sí koríko. Ẹlòmíràn yóò sáré lọ sí kẹ́mísìtì. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé ẹran náà, kí ó la ẹnu rẹ̀, kí ó wo inú rẹ̀.

Èrò tèmi nìyí, mi ò sì fi bò: lọ́pọ̀ ìgbà, inú ẹnu ni àìsàn náà wà, àwa tí a há ẹran mọ́ àgò ni a sì fi ọwọ́ ara wa fà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eyín tiwa, bí ó bá ti hù tán, ó parí nìyẹn. Ti ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín 28 ló wà lẹ́nu ehoro, gbogbo rẹ̀ pátá, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ló sì ń hù títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ti iwájú máa ń gùn tó mìlímítà 2 sí 3 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láàárín ọdún kan, èyí ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ! Ọ̀yà ní eyín 20, òkété ní 16, ti iwájú wọn náà kì í dẹ́kun híhù. Ọdẹ tó bá ti pa ọ̀yà rí mọ̀ pé eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ó nípọn, ìlà gbọọrọ mẹ́ta sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti òkè. Irin tó wà nínú èèpo líle tó bo eyín náà ló jẹ́ kí ó pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí eyín bá ń hù báyìí lójoojúmọ́, kí ló dé tí ọ̀yà inú igbó kò fi wọ́ eyín nílẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Oúnjẹ rẹ̀ ló ń fá a. Nínú koríko gan-an ni ohun wínníwínní kan wà tó le bí yanrìn. Bí ẹran bá ń jẹ ẹ́ tọ̀sán tòru, tí eyín òkè ń ha ti ìsàlẹ̀, bí eyín ti ń hù ló ń jẹ. Koríko ni òkúta ìpọ́nbẹ, eyín ni ọ̀bẹ. Ẹni tó bá mọ ipa ọ̀yà nínú oko yóò ti rí pòòpó koríko tó gé ṣókí ṣókí sílẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ ló ń hù o, ó ń jẹun ni, ó sì ń tọ́jú ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà.

Wàyí o, a mú ẹran yìí kúrò lóko, a há a mọ́ àgò, kí ni a wá ń fún un jẹ? Búrẹ́dì. Ẹ̀kọ. Gaàrí tí a pò. Oúnjẹ adìyẹ tí a rà nínú àpò. Inú ọmọ ń dùn bí ehoro bá jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó rọ̀ kì í pọ́n ọ̀bẹ. Eyín á máa gùn, kò sí ohun tí yóò fá a. Ti iwájú á ṣẹ́ kọrọdọ bí ìwo àgbò. Ti ẹ̀yìn, tí a kò lè rí, á yọ ṣónṣó, á máa gún ahọ́n, á máa ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú. Ẹran náà á sáré wá síbi oúnjẹ, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á tún padà sẹ́yìn. Ebi ń pa á, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará mi, ìyà wo ló tún ju èyí lọ?

Àmì rẹ̀ kò sì fara sin fún ẹni tó bá ní ojú inú. Itọ́ á máa dà, abẹ́ àgbọ̀n àti ọwọ́ iwájú ẹran náà á máa tutù. Ojú kan á máa ṣomi, nítorí pé gbòǹgbò eyín ti ń tì ibi tí omi ojú ń gbà kọjá. Oúnjẹ á máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Á yan èyí tó rọ̀ jẹ, á fi koríko sílẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ á kéré, á wọ́n. Ẹnu á máa rùn. Bí ó bá pẹ́, àgbọ̀n á wú, ọyún á sì wà nínú rẹ̀. Ehoro kì í bì, ìfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró láìṣiṣẹ́. Bí ehoro bá ti òwúrọ̀ òní dé òwúrọ̀ ọ̀la tí kò fẹnu kan nǹkan, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá. Ẹni tó bá ní òun yóò wò ó títí di ọjọ́ ọjà, òkú ni yóò bá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, ehoro jẹ́ ẹran ilé tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn púpọ̀. Àwọn olùwádìí Royal Veterinary College ní Lọ́ńdọ̀n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ehoro tó wà lábẹ́ ìtọ́jú dókítà ní 2019 wò. Wọ́n rí i pé, nínú ehoro 100, nǹkan bí 15 ló ní àìsàn eyín láàárín ọdún kan ṣoṣo, àti pé ti eyín ẹ̀yìn pọ̀ ju ti iwájú lọ púpọ̀. Ẹ kíyè sí i: èyí tí a kò lè fi ojú lásán rí ló pọ̀ jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí dókítà ẹranko wà ní ìtòsí, báwo ni yóò ti rí lọ́dọ̀ wa níbi?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ènìyàn mélòó ló ti rí dókítà eyín ní Ìgbómìnà tí o fi ń sọ ti ehoro?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ń kọ̀wé. Dókítà wọ́n, koríko kò wọ́n. Ní Ọ̀rà níbi, ta ni yóò ní òun kò rí koríko? Eèsún ń bẹ, eéran ń bẹ, yúnyun tí ehoro fẹ́ràn ju oyin lọ ń bẹ lẹ́yìn ilé gbogbo wa. Ọ̀fẹ́ ni. Owó tí a fi ń ra búrẹ́dì fún ehoro ni à ń fi ra ikú fún un.

Ẹ sì wo òfò tó wà nínú rẹ̀. Ehoro ń lóyún fún nǹkan bí oṣù kan, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ni oyún ọ̀yà. Bí abo ọ̀yà kan bá kú pẹ̀lú oyún nínú nítorí eyín, làálàá oṣù márùn-ún ló wọ́ lọ yẹn, àti owó ìwé ọmọ tí ẹni náà ti fọkàn sí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìjọba wọn àti ti Jámánì ti jọ dáwọ́ lé ètò sísin ọ̀yà nílé láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, koríko tó nípọn bí eèsún ni wọ́n fi ṣe olórí oúnjẹ fún un. Wọn kò sọ ọ̀yà di adìyẹ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń le jù ni ìgbà ẹ̀rùn. Koríko á gbẹ, iná á jó igbó, ọyẹ́ á dé, ni gbogbo wa á bá yí sí oúnjẹ inú àpò. Kí ló dé tí a kò lè gé koríko sílẹ̀ nígbà òjò, kí a sá a níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó gbẹ dáadáa láì bu, kí a dì í jọ sí àjà? A ń ṣe é fún àgbàdo, a ń ṣe é fún èlùbọ́, kí ló wá dé tí a kò lè ṣe é fún koríko? Koríko gbígbẹ ń pọ́n eyín bí tútù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò pọ̀. Bí a bá pín oúnjẹ ehoro sí mẹ́wàá, kí mẹ́jọ jẹ́ koríko, kì í sì í ṣe koríko ẹ̀bá títì tí wọ́n ti fín oògùn sí. Kí ọ̀yà máa rí pòòpó eèsún, pòòpó àgbàdo tàbí ìrèké he. Ẹ ju igi gbígbẹ tàbí eegun sí i kí ó máa ha á. Ẹ má jẹ́ kí ó máa bu irin àgò jẹ, eyín ń dá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ gbé ehoro yín lé itan, ẹ ká ètè rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ wo eyín iwájú. Ẹ fọwọ́ tọ́ àgbọ̀n rẹ̀ bóyá ó wú. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun mẹ́ta kan sì wà tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ má fi ẹ̀mú tàbí ohun tí ẹ fi ń gé èékánná gé eyín ẹran. Eyín náà lè là dé gbòǹgbò, ọyún á sì wọ inú àgbọ̀n. Dókítà ẹranko ló ní ẹ̀rọ tó ń fá a, lẹ́yìn tó bá ti kùn ún lóorun. Èkejì, ẹ má fún ehoro ní ampicillin, Ampiclox tàbí amoxicillin lẹ́nu. Oògùn tí ń wo ènìyàn sàn yìí ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá ehoro da oúnjẹ nínú ìfun. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ikú á tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta, ehoro tí eyín rẹ̀ kò bá ara mu láti kékeré, àbímọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má fi í tọ́ irú, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ọmọ rẹ̀ lè gbé e.

Sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn jẹ́ kí àwọn dókítà ẹranko máa yí ká dé ọ̀dọ̀ wa lásìkò, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ màlúù, ajá àti adìyẹ nìkan ni wọ́n ń bá kiri. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni tó wà ní Ìlá kò jìnnà sí wa. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ eyín ehoro kí wọ́n tó jáde. Nígbà náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó ń sin ehoro yóò mọ ohun tí baba rẹ̀ kò mọ̀, yóò sì bá a sọ ọ́ nílé.

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹran tí a ti há mọ́ àgò kò lè jáde lọ wá koríko fún ara rẹ̀ mọ́, àfi ohun tí a bá fi sí i níwájú. Ẹ jẹ́ kí ohun tí a fi síwájú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ lè jẹ, tí eyín rẹ̀ sì lè fi yè.

 

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan Nínú Àwọn Òǹkàwé Yín,
Ọ̀rà-Ìgbómìnà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.