Nígbà Tí Ẹnu Bá Wọ́ Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ọ̀rọ̀ orí àti ọrùn ni a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ohun tí ojú wa rí ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀, àdúgbò tí a fi orúkọ Alhaji Lateef Jakande pè, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983.

Bàbá kan tí ó ń gbé ní òdìkejì wa jí ní òwúrọ̀, ó bu omi sẹ́nu, omi náà sì ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ọ̀tún. Kí a tó wọlé, àwọn ará ilé ti dá ẹjọ́: ọ̀tá ni ó gbá bàbá létí lójú oorun! Ẹnì kan ti ń gbé àgbo kaná.

Iṣan apá àti ti ẹsẹ̀ a máa fa egungun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣan ojú, awọ ni wọ́n ń fà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rín àti ìbínú fi ń hàn lójú ènìyàn kí ó tó sọ̀rọ̀. Iṣan tí ó yí ojú ká ni a fi ń dijú. Èyí tí ó yí ẹnu ká ni a fi ń súfèé, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi dà lẹ́nu wa. Ti ọrùn ni ó ń gbé orí dúró, orí tí ó wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 5, kí ìyá eléwé tilẹ̀ tó gbé igbá lé òṣùká. Iṣan gígùn kan sì ti ẹ̀yìn etí sọ̀kalẹ̀ wá sí òkè àyà. Ohun ìyanu ni pé bí ti òsì bá fà, ọ̀tún ni ojú ń kọ sí.

Ní 1821, Charles Bell, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Skọ́tíláǹdì, kọ̀wé lórí fọ́nrán tí ń gbé àṣẹ lọ sí iṣan ojú. Bí fọ́nrán yìí bá ṣàìsàn, gbogbo ìlàjì ojú ní ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò rọ̀: iwájú orí kò ní lè hunjọ, ojú kò ní lè pàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ọpọlọ ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, èyíinì ni àrùn rọpárọsẹ̀, iwájú orí sábà máa ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, nítorí láti apá méjèèjì ọpọlọ ni àṣẹ ti ń dé ibẹ̀.

A ní kí bàbá gbójú sókè kí iwájú orí rẹ̀ hunjọ. Ó hunjọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A ní kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ti òsì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá gidigidi. A fi àgbo sílẹ̀ lórí iná, a sì sáré wá ọkọ̀, nítorí nínú àrùn yìí, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú lè ṣe púpọ̀ jù. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti fọ́nrán nìkan, dókítà ni ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa. Oògùn ti ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́ dára jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjọ́ 3, a sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo ojú tí kò lè pàdé kí ó má baà gbẹ.

Bàbá ti padà wálé, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó ní òun yóò súfèé fún wa. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀.