Orúkọ tẹ́ ẹ fi ń tajà, ta ló ni ín?

Páálí búréèkì mọ́tò lásán ló dá ìjà sílẹ̀, ìjà náà kò sì tán nílẹ̀ àfìgbà tó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ Ferodo, àwọn tó ń ṣe búréèkì láti ìlú òyìnbó, ló wọ́ iléeṣẹ́ Ibeto lọ sílé-ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé Ibeto ń kó búréèkì tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Union, sínú páálí tó jọ ti Ferodo. Pupa, dúdú àti funfun ni àwọ̀ páálí Ferodo, wọ́n ní ohun tí Ibeto gbé sára tiẹ̀ náà nìyẹn, àti pé ẹni tó bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, tí mẹkáníìkì ń retí ẹ̀ níta, kò ní í ka orúkọ, àwọ̀ ni yóò wò.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ẹ̀yà mọ́tò rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ju kí wọ́n sọ fún ọmọ pé, “Èyí tó ní pupa lára yẹn ni kó o mú wá.” Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdájọ́ jáde lọ́dún 2004, Ferodo ló fìdí rẹmi. Àwọn adájọ́ ní orúkọ Ferodo gan-an lòfin dáàbò bò nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n kùn sára páálí, bẹ́ẹ̀ Ferodo àti Union kò jọra lójú, wọn ò jọra létí. Bí Ibeto ṣe lọ sílé ẹ̀ láìjẹ̀bi nìyẹn.

Òfin ọdún 1965 tó wà fún àmì ìdánimọ̀ ọjà, èyí táwọn èèyàn ń pè ní tirédímáàkì, ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé. Òfin àtijọ́ ni. Orúkọ, ọ̀rọ̀, àwòrán, lẹ́tà, nọ́ńbà àti lébẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun tó kà sí àmì nìyẹn. Àmọ́ ní oṣù kejì, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin kan tó tún ọ̀pọ̀ òfin ọrọ̀ ajé ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òfin àmì ọjà sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà, bí ọjà fúnra ẹ̀ ṣe rí, páálí tàbí nylon tí wọ́n kó o sí, àti bí wọ́n ṣe to àwọ̀ pọ̀ sára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ti wọ inú ohun téèyàn lè fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé tòun ni. Àwọn tí kì í ta ọjà rárá náà rí tiwọn gbà: onídìrí, alásè, onílé ìtura, ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù káàkiri ìlú. Láti 2007 nìjọba ti ń gba ìwé lọ́wọ́ irú wọn, ṣùgbọ́n ọjà nìkan lòfin fúnra ẹ̀ ń sọ. Ní báyìí, ó ti dárúkọ iṣẹ́ náà.

Mélòó nínú àwọn tó ń náwó sórí nylon aláràbarà ló gbọ́ pé òfin ọ̀hún ti yí padà? Tí òṣèré kan bá kọ ọkọ ẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ti máa sọ ọ́ ní Mile 12 kílẹ̀ tó ṣú. Òfin tó kan àpò àwọn tó wà nínú ọjà náà gan-an, ọdún á gorí ọdún kí ẹnì kan tó tà wọ́n lólobó.

Ká ní obìnrin kan wà ní Mushin tó ń di gàrí Ìjẹ̀bú sínú nylon tà. Ọdún mẹ́wàá ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní orúkọ tó ń pe gàrí náà, nylon ẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti funfun, àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ sì wà níwájú ẹ̀. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n. Ó ti lọ sọ́dọ̀ àjọ CAC, wọ́n ti fún un ní ìwé-ẹ̀rí, ó ti fi gíláàsì bò ó, ó sì ti gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lójú tiẹ̀, ó ti parí.

Kò tíì parí. Ohun tí ìwé CAC sọ kò ju pé iṣẹ́ kan wà, pé obìnrin yìí ló ni ín. Kò sọ pé òun nìkan ló lè fi orúkọ yẹn ta gàrí. Àmì ọjà yàtọ̀, Àbújá ni wọ́n ti ń fi í sílẹ̀, ní ẹ̀ka tó ń rí sí i lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó okòwò. Lóòótọ́, òfin iléeṣẹ́ tọdún 2020 sọ pé CAC kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ tó máa tẹ àmì ọjà ẹlòmíràn lójú. Ẹni tó ti ní àmì lọ́wọ́ nìyẹn wà fún o.

Àbí kí ọmọọṣẹ́ obìnrin yìí kan ṣàdéédéé kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, kó gba Àbújá lọ, kó fi orúkọ náà àti àwọ̀ nylon náà sílẹ̀ bíi pé òun ló ronú ẹ̀. Lọ́yà tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi obìnrin náà lọ́kàn balẹ̀, torí ẹni tó ti ń lo àmì kan láìdáwọ́ dúró kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, òfin kò ní kó palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Rìsíìtì ọdún kìn-ín-ní, ìwé tí wọ́n fi san owó nylon àkọ́kọ́, ta ló kó o pa mọ́? Kódà tó bá rí i, kíkù ò lè kù fún un ló gbà, kò tíì lè dá ọmọọṣẹ́ ẹ̀ dúró lórúkọ àmì ọjà, nítorí òfin sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò fi àmì sílẹ̀ kò lè pẹjọ́ pé wọ́n tẹ àmì òun lójú.

Ọ̀nà kan ṣì kù, ọ̀nà tó ti wà tipẹ́: kó pẹjọ́ pé ọmọ náà ń ta ọjà tiẹ̀ fún aráyé bíi pé tòun ni. Àwọn kan ti jàǹfààní ẹ̀. Lọ́dún 1961, iléeṣẹ́ Niger Chemists tó ní ṣọ́ọ̀bù òògùn ní Onitsha àtàwọn ìlú míì nílẹ̀ Ìgbò pe àwọn kan lẹ́jọ́, àwọn yẹn lọ ṣí kẹ́mísìtì tiwọn sí àdúgbò kan náà, wọ́n sì pe é ní Nigeria Chemists. Adájọ́ ní kí wọ́n jáwọ́ nínú orúkọ náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé aráàlú ti mọ ọjà òun mọ orúkọ yẹn, wọ́n sì lè ṣi tẹnìkejì mú fún un. Owó lọ́yà àti ọdún ló ń jẹ, ó sì máa ń jẹ wọ́n tẹ́rùn.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọ sí Àbújá, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wo ìwé bóyá ẹlòmíràn ti ṣíwájú. Bí wọ́n bá gba àmì náà, wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìkéde tí ẹ̀ka náà ń tẹ̀, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ẹ́ sọ ní oṣù méjì péré láti fi ta kò ó. Ibi tí obìnrin onígàrí yẹn ti pàdánù gan-an nìyí: orúkọ ẹ̀ jáde nínú ìkéde náà, oṣù méjì kọjá, òun ń yan gàrí lọ ní tiẹ̀. Tó bá jí lẹ́yìn náà, àfi kó máa bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni wọ́n ń gbà. Ìjẹ̀bú, orúkọ ìlú ni, kò sẹ́ni tó lè dá a gbé lọ. “Aládùn” ń yin ọjà, orúkọ bàbá ẹni sì wọ́pọ̀ jù, irú wọn kì í kọjá láìsí ẹ̀rí tó lágbára. Orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kankan nínú gàrí ló máa ń rọrùn jù. Ọdún méje àkọ́kọ́ ni àmì náà fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá ni wọ́n á máa fi sọ ọ́ dọ̀tun. Wọ́n sì pín gbogbo òwò sí kíláàsì 45, 34 fún ọjà, 11 fún iṣẹ́. Ẹni tó fi orúkọ gàrí sílẹ̀, tó wá fẹ́ẹ́ ṣí búkà pẹ̀lú orúkọ kan náà, ó tún ku ìwé kan.

Òfin iléeṣẹ́ tọdún 2020 tún ṣe ohun kan tọ́pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ti lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, ẹni méjì ni. Nígbà náà, àwọn kan a máa kọ orúkọ àbúrò tàbí ìyàwó kún un kí iye lè pé. Ẹni tí wọ́n kọ láti fi dí àlàfo ọ̀hún ló máa ń wá jókòó ní ọjọ́ ìpíngún pé òun ní ìpín tòun ńbẹ̀.

Ó wá ku àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ orí nylon yẹn. Ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò ní Ṣómólú, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, ló yà á, obìnrin náà sì san owó fún un. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta, ọdún 2023, bó ṣe rí lábẹ́ ti tẹ́lẹ̀ náà, ẹni tó ya àwòrán ló ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, kódà kí wọ́n ti sanwó fún un, àfi tí ìwé bá wà láàárín wọn tó sọ nǹkan míì. Ìwé náà, tí wọ́n bá kọ ọ́ nígbà yẹn, kò ní í ju ojú kan lọ. Wọn ò kọ ọ́. Obìnrin náà ò rántí orúkọ ọmọkùnrin yẹn mọ́, wọ́n ní ó ti lọ sí Kánádà.