Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé kọ̀ǹpútà yín kì í jíṣẹ́ fún olè?

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi làákàyè tirẹ̀ kún un. Kọ̀ǹpútà ò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe rán an gẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́ ẹ, ì báà jẹ́ oníbàárà ló rán an, ì báà sì jẹ́ olè. Ohun tó kó wàhálà bá Capital One, ọ̀kan nínú àwọn báǹkì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2019 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ, bàtà tàbí oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kò ra kọ̀ǹpútà ńlá tí ìkànnì wọn ń gbé inú ẹ̀. Wọ́n ń háyà rẹ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Amazon, Google àti Microsoft, bí ìgbà téèyàn gba ṣọ́ọ̀bù nínú ilé onílé. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud nìyẹn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà náà sì ni sáfà. Ká ní iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa tẹ àwòrán sára aṣọ. Ẹ wá ní kí oníbàárà kọ àdírẹ́sì ibi tí àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí sáfà yín lè lọ gbé e wá. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olè bá dé, kò ní kọ àdírẹ́sì àwòrán kankan. Àdírẹ́sì inú ilé ni yóò kọ síbẹ̀: 169.254.169.254.

Ará ìta ò lè dé ojúlé yẹn fúnra rẹ̀. Sáfà tó wà nínú cloud ló ń débẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń gba ìsọfúnni nípa ara rẹ̀, títí kan kọ́kọ́rọ́ ìgbà díẹ̀ tó fi ń ṣí àwọn yàrá ìkẹ́rùsí. Bí wọn ò bá kọ́ sáfà náà pé iṣẹ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́, yóò lọ síbẹ̀, yóò gba kọ́kọ́rọ́, yóò sì gbé e fún ẹni tó rán an. Olè ò já ilẹ̀kùn, kò sì fọ́ fèrèsé. Ọmọ inú ilé ló rán. SSRF làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe àléébù náà.

Ti Capital One tún yani lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ọlọ́dẹ, tó yẹ kó máa yẹ àwọn tó ń wọlé wò, gan-an lolè rán níṣẹ́, nítorí pé wọn ò tò ó bó ṣe yẹ. Ọlọ́dẹ yìí sì ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí yàrá tí iṣẹ́ rẹ̀ ò kàn rárá. Àkọsílẹ̀ nípa nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 èèyàn ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 6 ní Kánádà ló bọ́ sọ́wọ́ olè. Oṣù Kẹta ló wọlé, báǹkì ò sì mọ̀ títí di oṣù Keje, nígbà tí ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ta wọ́n lólobó.

Ta ló wá jẹ̀bi? Amazon tó ni ilé ní ilé òun ò ní àbùkù, pé ayálégbé ni kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa. Àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ méjì, Ron Wyden àti Elizabeth Warren, ò gbà bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n kọ̀wé pé kí ìjọba wádìí Amazon. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Amazon gbé ọ̀nà tuntun kan tó ń jẹ́ IMDSv2 jáde. Sáfà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kó tó lè rí kọ́kọ́rọ́ gbà, irú iṣẹ́ tí olè ń ránni yìí kì í sì í sábà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni lò ó nígbà náà, wọ́n fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ní tèmi, onílé tó ra àgádágodo tó dáa, tó wá gbé e sórí tábìlì fún ayálégbé tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ò tíì ṣe tán.

Àmọ́ àròyé yẹn ò lè san gbèsè ẹnikẹ́ni. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn báǹkì ní Amẹ́ríkà bu ìtanràn mílíọ̀nù 80 dọ́là lé Capital One. Lẹ́yìn náà, báǹkì ọ̀hún gbà láti san mílíọ̀nù 190 dọ́là kí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é lè parí. Ẹni tó gba orúkọ oníbàárà ni wọ́n dì mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tiwa rí. Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lóṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé bí ìsọfúnni oníbàárà bá jò lọ́nà tó lè ṣàkóbá fún wọn, oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń rí sí i létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Àwọn tí òfin ò kà mọ́ ilé-iṣẹ́ pàtàkì pàápàá lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa sọ: “Kí lolè fẹ́ wá dọ́dọ̀ èmi tí mo ń ṣòwò kékeré?” Ẹni tó ja Capital One lólè ò mọ́ báǹkì náà lójú kó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣe fúnra rẹ̀ ló ń bá a kan ilẹ̀kùn kiri lórí cloud, èyí tó bá sì ṣí ló ń wọ̀. Ó ju ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ lọ tó wọlé sí. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ó tún ń fi sáfà àwọn ẹlòmíràn wa owó orí kọ̀ǹpútà fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ̀yin lowó háyà sáfà máa já lé lórí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún cloud. Ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì yín, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní, ṣé ibì kan wà tí aráàta ti lè rán sáfà wa lọ sí àdírẹ́sì tó bá wù ú, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́ kó má rán an wọ inú ilé? Èkejì, bó bá jẹ́ ti Amazon la háyà, ṣé IMDSv2 nìkan là ń lò, ṣé o ti ti ọ̀nà àtijọ́ pa? Ẹ̀kẹta, yàrá wo ni kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ sáfà wa lè ṣí, ṣé kò ju ti iṣẹ́ rẹ̀ lọ? Ẹ̀kẹrin, ta ló ń wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé tó ń jáde, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ta wá lólobó, ọ̀dọ̀ ta ni yóò kọ̀wé sí?

Owó tẹ́ ẹ máa fi yẹ nǹkan wọ̀nyí wò, ẹ kà á mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iná. Bí ẹni tẹ́ ẹ pè ò bá sì mọ ohun tí 169.254.169.254 jẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tún gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà kankan sí i.