Ọbẹ̀ Tí Baálé Kì Í Jẹ

Yorùbá ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Àwọn ìyá wa ti fi òwe yìí kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọge kí wọ́n tó relé ọkọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà fi ohun méjì sílẹ̀ láìsọ. Kò sọ ẹni tó fi tó ìyáálé létí pé baálé kì í jẹ ọbẹ̀ náà. Kò sì bèèrè èyí tí ìyáálé fúnra rẹ̀ kì í jẹ. Nínú ohun méjì yìí ni ìjà ọ̀dàlẹ̀ láàrin tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èèwọ̀ kò sì dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wo agboolé kan ṣoṣo ní Ayétẹ̀, tàbí ní èyíkéyìí nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá. Ẹ̀gbọ́n gbéyàwó nílànà ìbílẹ̀, ìyàwó mẹ́ta ló wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Àbúrò so yìgì, ẹ̀sìn rẹ̀ sì fún un láyè dé orí mẹ́rin bí ó bá lè ṣe déédéé láàrin wọn. Àbíkẹ́yìn ṣe alárédè, ó fọwọ́ sí ìwé. Bí òun bá lọ fẹ́ ìkejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí ìwé, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni òfin ọ̀daràn, abala 370, ní fún un. Ohun tí wọ́n lu ìlù sí fún ẹ̀gbọ́n di ọ̀ràn lọ́rùn àbíkẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ti obìnrin le ju báyẹn lọ. Ní 1961, ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi dé ilé ẹjọ́ gíga. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ti dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè nítorí pé ó ń bá ọkùnrin mìíràn gbé láìtíì kọ ọkọ rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ilé ẹjọ́ gíga da ìdájọ́ náà nù, torí kò sí òfin àkọsílẹ̀ kankan ní apá ọ̀dọ̀ wa tó sọ àgbèrè di ọ̀ràn ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bí tiwa, Penal Code ti Àríwá lè torí rẹ̀ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n, bí àṣà onítọ̀hún bá kà á sí ọ̀ràn. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970. Ó ní àgbèrè nìkan kò tó. Ẹni tí a ṣẹ̀ ní láti fi hàn pé ara òun kò gbà á láti máa bá ẹni náà gbé mọ́. Adájọ́ pàápàá ń bèèrè ibi tí ìfaradà olúkúlùkù mọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní kọ́ọ̀tù. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ń pe àbúrò ọkọ ní "ọkọ mi", ó ń bá a ṣeré, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ìyá ọlọ́jà ń pe oníbàárà ní "olówó orí mi" kí ọjà lè tà. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń bá ọkùnrin tí wọ́n jọ kàwé sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lóru ńkọ́? Wọn kò fọwọ́ kan ara wọn rí. Síbẹ̀, àìrówó ilé, ìjà ìyá ọkọ, àìsàn ọkọ, ọkùnrin yẹn ló ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lójú ìyàwó, ọ̀rẹ́ lásán ni. Lójú ọkọ, wọ́n ti gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́. Obìnrin mìíràn wà tí àwàdà ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin kò dùn ún rárá, àmọ́ ọjọ́ tó gbọ́ pé ó fi owó gààrí tí àwọn méjèèjì jọ dín ra fóònù fún ẹnìkan, ọjọ́ náà ló di ẹrù rẹ̀.

Ibi tí a kò bá ti sọ̀rọ̀, ìfura ni yóò gbapò rẹ̀. Nínú fíìmù Thunderbolt tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, ọ̀rọ̀ ẹnu ayé ló mú Yínká fura sí Ngozi ìyàwó rẹ̀. Ìfura náà ló gbé mágùn lé obìnrin aláìṣẹ̀ lára.

Àwọn kan yóò ní àgbèrè ni àgbèrè, kò sí kékeré níbẹ̀. Mo gbà, níbi tó bá ti di ọ̀rọ̀ ibùsùn. Àmọ́ púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí àwọn àgbà ilé ń parí kì í dé ibùsùn. Àwọn mìíràn á ní bí a bá fún olúkúlùkù láyè láti sọ èèwọ̀ tirẹ̀, ọkùnrin á fi de ìyàwó mọ́lẹ̀. Ewu yẹn wà lóòótọ́. Ìyàwó tó ń ta ẹ̀gúsí, fún àpẹẹrẹ, kò lè dijú mọ́ oníbàárà nítorí èèwọ̀ ọkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní èèwọ̀ tí ọkọ bá gbé kalẹ̀, kí òun náà pa á mọ́. Ọkùnrin tó ń tú fóònù ìyàwó, tó sì fi tirẹ̀ há abẹ́ ìrọ̀rí, ìfìyàjẹni ló ń ṣe. Lójú tèmi, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kò lè fara dà, tó ṣe é, tó sì fi pa mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà, ẹ má dúró di ọjọ́ ìdána. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí wọn kò ní lè gbà lọ́wọ́ ara wọn. Kí ọkùnrin náà dáhùn, kí ẹ sì gbọ́ ti obìnrin títí dé òpin.