Ọtí Yìnyín Nínú Ọyẹ́? Ẹ Tún Un Rò!

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọyẹ́ dé, ètè ń bó, ara funfun bí ẹni yí nínú eérú, síbẹ̀ ẹ wọ ilé ọtí, ẹ ní kí wọ́n gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ fíríìjì wá. Oòrùn wo lẹ fẹ́ fi yìnyín pa?

Mi ò bá lager jà. Lóṣù Ẹrẹ́nà, kò sí bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù àpọ̀jù ń pa ahọ́n kú. Omi tútù lásán lẹ̀ ń gbé mì. Sítáòtù ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkà tí wọ́n yan títí ó fi dúdú ló fún un láwọ̀ àti ìkorò rẹ̀. Láti 1962 ni wọ́n ti ń pọn Guinness n'Íkẹjà. Àwọn bàbá kan ń mu ún láì tutù, a ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló gọ̀ nínú wa?

Èyí tó dùn mí jù ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àgbàdo tí a rẹ, tó hù, tí a sá, tí a lọ̀, tí a sè, tó wá kan: kò bẹ fíríìjì, kò dúró de iná ìjọba. À ń dárúkọ rẹ̀ nínú ewì, a ò mọ bó ṣe rí lẹ́nu! Irú akéwì wo nìyẹn?

Ọtí kì í lé òtútù o. Ara á kàn móoru díẹ̀, ooru náà á sì sá lọ. Adùn ni mò ń wí. Ẹ mu díẹ̀, ẹ mu ún lọ́wọ́ọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì bi ìyá àgbà yín bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kí ìmọ̀ náà tó bá wọn lọ.