Ẹ́ńjìnnì Méjì Kì Í Ṣe Ẹ̀mí Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ àti gbogbo Èkìtì tó ń lálàá iṣẹ́ awakọ̀ òfúrufú, ó ṣeé ṣe kí ẹ bára yín ní ilé ẹ̀kọ́ NCAT ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ẹ ó kọ́kọ́ wa bàálù kékeré oní-ẹ́ńjìnnì kan, kí ẹ tó bọ́ sórí oníméjì, irú bíi Beechcraft Baron. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀ wàyí, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé àwọn délé. Èmi ò gbà o.

Bí ẹni méjì bá jọ gbé àpò iṣu, tí ẹnì kan ṣàdédé jù ú sílẹ̀, kì í ṣe pé ẹrù kàn wúwo sí i fún ẹnì kejì. Àpò náà á fà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù. Ẹ́ńjìnnì tó yè á máa tì í yí sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó kú. Ìdajì agbára ló lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára àtigòkè lè dín ní ìdá 80 nínú 100, torí pé àtidúró lófuurufú lásán ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà, ajẹkù ni bàálù fi ń gòkè. Tí oòrùn bá tún mú, ní ibi gíga bíi Zaria, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 2,000 lọ, ó lè má gòkè rárá.

Nítorí náà, ẹ pinnu kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ ọ́ síta: bí ọ̀kan bá kú tí runway ṣì wà níwájú, mo máa pa agbára méjèèjì, mo máa dúró. Bí ẹ bá ti wà lókè, ẹ di ìlà búlúù ojú aago ìsáré mú, kódà bí imú bàálù bá ní láti wálẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ rudder kí bàálù lè tọ́, ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yè. Èyí tó kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó ń sinmi. Ẹ kọ́kọ́ fa throttle rẹ̀ sẹ́yìn kó dá yín lójú, lẹ́yìn náà kí ẹ yí etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kọjú sí atẹ́gùn, kó má baà máa fa bàálù sẹ́yìn. Ẹ má kánjú níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ní Taipei, ní February 4, 2015, ẹ́ńjìnnì tó yè ni wọ́n pa nínú bàálù TransAsia 235. Ènìyàn 43 ló kú.

Ìlà pupa ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ìsáré bá wálẹ̀ kọjá rẹ̀, rudder ò ní lágbára mọ́, bàálù lè dojú dé. Ohun tó ń gbani níbẹ̀ lòdì sí ohun tí ẹ̀rù ń sọ: ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì tó yè kù, ẹ tẹ imú wálẹ̀. Bí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ dán èyí wò nítòsí ilẹ̀, ẹ sọ fún un pé ó di òkè.