Ẹ Gba Pẹ́ńsù Lọ́wọ́ Ọmọ Ọdún Mẹ́ta

Lábẹ́ àtẹ ìyá rẹ̀ ní Adjamé, ní Abidjan, ni mo ti rí i, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin. Agolo mílíìkì mẹ́ta ló fi ṣe òṣùwọ̀n, iyanrìn ni ìrẹsì rẹ̀, ìdérí ìgò sì ni owó. Mo ní kó wọn agolo méjì fún mi, ó wọ̀n ọ́n. Mo fún un ní ìdérí márùn-ún, ó wò mí lójú, ó dá ọ̀kan padà. Ó ní ṣéńjì mi ni.

Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá kọ́ ọmọ nílé dé. Wọ́n fà á jáde lábẹ́ àtẹ, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà «a» kún ojú ìwé. Kò tíì kọ ìlà kan tán tó ti bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, «Ẹ má dá a lóhùn o jàre, ọ̀lẹ ni.»

Ọmọ tó ti ń wọn ọjà tó ń dá ṣéńjì padà láti ọ̀sán ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

N kò ní fi epo bọyọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ìjókòó tipátipá kò kàn án, àdàkọ lẹ́tà kò kàn án, iṣẹ́ àṣetiléwá kò kàn án rárá. Kí ó fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò fọwọ́ kàn, kí àgbà máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì bi mí pé ta ló jẹ̀bi, n kò ní nawọ́ sí mínísítà. Àwa òbí Yorùbá tó wà ní Abidjan ni, láti Treichville títí dé Abobo, nítorí àwa là ń sanwó fún un.

Ẹ wo orúkọ tí a fún ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké: jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé ni kó sinmi, wọn kò pe ọmọ mọ́ ọn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò kúkú purọ́. Ìyá fẹ́ ráyè pàtẹ, bàbá fẹ́ ráyè ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wá ibi tí ọwọ́ yóò ti tó ọmọ. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ìgbà tí ilé-ìwé mẹ́rin wá kúnjú àdúgbò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ dàrú. Ọ̀kan ní àwọn ọmọ òun ti ń kọ orúkọ wọn ní ọmọ ọdún mẹ́rin, èkejì ní ti òun ti ń kà á ní mẹ́ta, àwa òbí sì ń sáré láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n dín owó ọjà kù. Tọ́dún bá parí, wọ́n á wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn tó gboyè yunifásítì fún ọmọ ọdún márùn-ún, a ó ya fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ sílé ní Ẹ̀jìgbò, ní Nàìjíríà.

Àwọn kan gbà pé bí Faransé ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ọ̀làjú ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi ìtàn Faransé léèrè. Kí ọdún 1881 tó dé, «salle d'asile» ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń kó ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ sí lọ́hùn-ún. Orí bẹ́ǹṣì tó ga léra bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń tò wọ́n sí. Bí olùkọ́ bá lu pákó pọ́ báyìí, gbogbo wọn á dìde; bó bá tún lù ú, wọ́n á jókòó. Lọ́dún 1881 ni àṣẹ ìjọba sọ ọ́ di «école maternelle», tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Pauline Kergomard sì di alábẹ̀wò àgbà fún un títí di 1917. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà ló fi ń jà pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé, pé kí wọ́n kó bẹ́ǹṣì alátẹ̀gùn yẹn dànù. Orúkọ ilé-ìwé tí obìnrin yìí jà fún ló wà lára pátákó ilé-ìwé àdúgbò wa lónìí. Ìwà tó bá jà ló wà nínú yàrá.

Ti Róòmù tilẹ̀ dùn ún gbọ́ jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907, Maria Montessori, tó jẹ́ dókítà ìṣègùn, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tálákà ní àdúgbò San Lorenzo, àwọn ọmọ tí òbí wọn máa ń jáde láti àárọ̀ kùtù. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù ohun èlò. Kó tó dé, àwọn ọmọ ti ṣí i, kálukú ti mú èyí tó wù ú, ó ti ń bá iṣẹ́ lọ. Olùkọ́ ní olè ni wọ́n, wọ́n yẹ fún ìjìyà. Montessori ní ó tì o, wọ́n ti mọ ohun èlò náà débi tí wọ́n fi lè dá yàn. Láti ọjọ́ náà, ó sọ pé kí wọ́n má tì í mọ́.

Ọmọ tálákà ló bí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé. Ṣùgbọ́n lónìí, ní apá Riviera ní Cocody, orúkọ Montessori ti di ọjà olówó ńlá. Àwọn tó rí jájẹ ń san owó gọbọi kí ọmọ wọn lè máa da omi láti inú ife kan sínú òmíràn, kó máa fi ọ̀bẹ kékeré gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó máa gbálẹ̀. Ọmọ tiwa ń ṣe gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ní Adjamé, àwa wá ń sanwó kí wọ́n bá wa dá a dúró.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ. Ṣé ọmọ àná ló máa wá máa darí àgbà? Ṣé bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fọwọ́ kan iná, ká fi í sílẹ̀? Ẹ dákun, ẹ wo agbo ilé àwọn onílù. Ta ló ń fi tipátipá kọ́ ọmọ Àyàn ní gúdúgúdú? Ìlù wà nílẹ̀, ọmọ ń rákò lọ bá a, ó ń fi ọwọ́ gbá a, bàbá rẹ̀ ń fi etí kan gbọ́. Ọjọ́ tí bàbá bá gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ ti ń bá ohùn lọ, á fún un ní ohun tí wọ́n fi ń lù ú, á tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n bàbá ló gbé ìlù sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, òun náà ló sì gbé àdá sókè àjà. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn, kò sì rọrùn. Ó le ju kéèyàn mú pàṣán dání kó máa pariwo «a, e, i» lọ.

Wọ́n ti fi àwọn ọ̀nà ìkọ́ni wọ̀nyí wé ara wọn rí. Ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, láti 1967, olùwádìí David Weikart àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọmọ 68 láti ilé àwọn aláìní sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń gba ẹ̀kọ́ látẹnu olùkọ́ bí omi, ìbéèrè àti ìdáhùn. Àwọn kejì ń fúnra wọn pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á ṣe é, wọ́n á sì padà wá sọ bó ṣe lọ. Àwọn kẹta wà ní ilé-ìwé eré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ mú ìwé. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 23, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ rọ lẹ́nu ni ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ 68 kò pọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ẹ̀rí pé pẹ́ńsù ní ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ èèyàn di dókítà gbé tirẹ̀ wá ká rí i.

Ibi tó ń dùn mí jù lọ ni èdè. Ẹnu ni ọmọ fi ń ṣíwájú: ó ń bèèrè, ó ń jiyàn, ó ń purọ́ díẹ̀, ó ń sọ ohun tó rí. Bí ó bá wọ yàrá tí Faransé nìkan ti jẹ́ èdè, tí òun kò sì tíì ní in, kí ni yóò fi ṣíwájú? Á dákẹ́ ni. A ó wá ní ọmọ náà ní ìwà pẹ̀lẹ́. Láyé ìjọba amúnisìn, wọ́n ń gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní «symbole» kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè abínibí lọ́rùn ní ilé-ìwé. Wọ́n ti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn, àwa wá ń gbé e kọ́ ọmọ wa fúnra wa nígbà tí a bá ní, «Faransé ni kó o fi bá mi sọ̀rọ̀.» Ìjọba Côte d'Ivoire pàápàá ti ń dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, pẹ̀lú «Projet École Intégrée», láti fi Baúlé, Sẹ̀núfò, Jula àti àwọn èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ ìwé ọmọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè tirẹ̀. Wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ.

Ẹ ó ní CP1, kíláàsì àkọ́kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń bọ̀, pé ọmọ tí kò gbọ́ Faransé yóò jìyà níbẹ̀. Òótọ́ ni, n kò ní jiyàn. Kí ó gbọ́ ọ nígbà náà, ní etí, nínú eré, lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí Ẹ̀jìgbò, ẹ ó gbọ́ Faransé lọ́jà lẹ́nu àwọn tó ti Abidjan bọ̀. Ta ló fi pẹ́ńsù kọ́ wọn? Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà ní Jula láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé Jula mélòó ni wọ́n kà? Òfin Côte d'Ivoire ti ọdún 2015 sì ní láti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìndínlógún ni ilé-ìwé di dandan. Ẹ̀yin lẹ fi mẹ́ta kún un lórí ara yín. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ní ètò kan báyìí, «enseignement ciblé», tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún jọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí òye wọn dé, láìwo kíláàsì. Bí wọ́n bá lè dúró de ọmọ ọdún mẹ́sàn-án níbi tó wà, kí ló ń lé wa léré lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́ta?

Oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ìwé máa ń wọlé. Kí ẹ tó sanwó lọ́dún yìí, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn olùkọ́ nìkan, ẹ mú ọmọ yín padà sábẹ́ àtẹ.